Ibo Ló Yẹ Kí Àkọsílẹ̀ DNS Dòméènì Wa Máa Gbé?

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan tó ń bójú tó ètò kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn kọ̀wé pé dòméènì mẹ́ta ni ilé-ìwé náà ní, ọ̀kan jẹ́ .com.ng, ọ̀kan .org.ng, ọ̀kan .com, àti pé ènìyàn mẹ́rin ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ojú ewé tí wọ́n ti ń tún àkọsílẹ̀ DNS ṣe, ìyẹn ètò tó ń sọ fún àwọn kọ̀ǹpútà ibi tí ìkànnì àti íméèlì dòméènì kan wà. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn rí àkọsílẹ̀ TXT kan (ọ̀rọ̀ tí a so mọ́ orúkọ dòméènì) tí kò mọ ìwúlò rẹ̀, ó sì pa á rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni íméèlì tí ilé-ìwé fi ń ránṣẹ́ sáwọn òbí ti ń já sínú spam, ọjọ́ mẹ́sàn-án sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá gbà á nímọ̀ràn pé kó máa kọ àwọn àkọsílẹ̀ náà sínú fáìlì. Ó ń béèrè bóyá dòméènì mẹ́ta péré tó ohun tí a ń ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sí, irinṣẹ́ wo ló yẹ kó lò, àti bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ láìba ohun tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́.

Ìdáhùn: Ó tó bẹ́ẹ̀, kódà bó jẹ́ dòméènì kan ṣoṣo lẹ ní. Iye dòméènì kọ́ ló ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí, ìrántí ni. Ojú ewé ìṣàkóso tí ilé-iṣẹ́ gbé síwájú yín, òní nìkan ló sábà máa ń mọ̀, kò mọ àná. Ó lè fi hàn yín pé àkọsílẹ̀ TXT kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tó fi í síbẹ̀, ìdí tó fi fi í síbẹ̀, tàbí ohun tí yóò bàjẹ́ bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó pa àkọsílẹ̀ yín rẹ́ kì í ṣe aláìbìkítà lójú tèmi. Ó rí ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan tí kò ní àlàyé, ó rò pé pàǹtí ni, ó sì gbá a dànù. Ká ní inú fáìlì ni àkọsílẹ̀ yẹn wà, tí ìlà kan sì wà lókè rẹ̀ tó sọ pé èyí ni Gmail fi ń mọ̀ pé lóòótọ́ ni íméèlì ti ọ̀dọ̀ wa wá, ẹ má yọ ọ́, kò ní fọwọ́ kàn án. Bó bá sì ṣèèṣì yọ ọ́, Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo ìyípadà inú fáìlì, yóò sọ orúkọ ẹni, ọjọ́ àti wákàtí, ẹ ó sì dá a padà láàárín ìṣẹ́jú kan dípò ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe àṣà tuntun ni ọ̀rẹ́ yín ń sọ. Inú fáìlì ni DNS ti bẹ̀rẹ̀. Kí DNS tó dé rárá, fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní HOSTS.TXT ló kó orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí ARPANET, tó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì, jọ. Ilé ìwádìí SRI ní ìpínlẹ̀ California ni àwọn ikọ̀ tí Elizabeth Feinler darí ti ń tọ́jú rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ yòókù á sì lọ máa dà á kọ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ pọ̀ ju ohun tí fáìlì kan lè gbà lọ, Paul Mockapetris gbé ètò DNS kalẹ̀ ní 1983. Ìwé RFC 1034 àti RFC 1035 tó jáde ní oṣù kọkànlá 1987 ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, RFC 1035 yẹn kan náà ló sì ṣàlàyé bí fáìlì àkọsílẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí. BIND, ètò sáfà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní yunifásítì Berkeley, ń ka irú fáìlì yẹn títí dòní, bẹ́ẹ̀ náà sì ni NSD àti Knot DNS. Fáìlì ló kọ́kọ́ wà, ojú ewé tí a ń fi máósì tẹ̀ ló dé bá a.

Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣe rí rèé. Orúkọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ ni mo lò, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn nọ́ńbà IP:

```
$ORIGIN example.com.
$TTL 3600
@     IN SOA ns1.example.com. alabojuto.example.com. (
             2025030301  ; nọ́ńbà ẹ̀dà
             7200        ; ìgbà tí sáfà kejì ń wá yẹ̀ ẹ́ wò
             3600        ; bí kò bá rí wa, ìgbà tí yóò tún gbìyànjú
             1209600     ; ọjọ́ 14, lẹ́yìn rẹ̀ kó má dáhùn mọ́
             3600 )      ; bí "kò sí" ṣe ń pẹ́ tó
@     IN NS    ns1.example.com.
@     IN NS    ns2.example.com.
ns1   IN A     192.0.2.1
ns2   IN A     198.51.100.1
@     IN A     192.0.2.10
www   IN CNAME example.com.
@     IN MX 10 leta.example.com.
leta  IN A     192.0.2.25
; SPF: sáfà leta nìkan ló ń fi íméèlì ránṣẹ́ lórúkọ wa
@     IN TXT   "v=spf1 mx -all"
```

Àmì @ dúró fún orúkọ dòméènì fúnra rẹ̀. SOA ni ìlà tó ṣáájú àwọn yòókù, NS ń dárúkọ sáfà DNS, A ń sọ nọ́ńbà IP ẹ̀rọ, CNAME ń fi orúkọ kan tọ́ka sí òmíràn, MX ń sọ sáfà tó ń gba lẹ́tà, TTL sì ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí àwọn sáfà mìíràn lè fi tọ́jú èsì sí ìrántí. Ohun tó bá tẹ̀ lé àmì ; lórí ìlà, àlàyé fún ènìyàn ni, sáfà kò ní kà á. Àdírẹ́sì íméèlì alábòójútó náà wà lórí ìlà SOA, ṣùgbọ́n dọ́ọ̀tì ló gba ipò @ níbẹ̀, torí pé @ ti ní iṣẹ́ mìíràn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ojú yín wà jù lọ ni dọ́ọ̀tì tó wà níparí orúkọ. Orúkọ tó bá ní dọ́ọ̀tì níparí ti pé. Èyí tí kò bá ní, sáfà yóò gbà pé ìdajì ni, yóò sì fi orúkọ dòméènì kún un lẹ́yìn. Bí www ṣe ń di www.example.com nìyẹn, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ leta.example.com láìfi dọ́ọ̀tì parí rẹ̀, ohun tí sáfà yóò sọ fáyé ni leta.example.com.example.com, orúkọ tí kò sí níbì kankan. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni mo tún ìlà MX ṣe fún oníbàárà kan, mo fi dọ́ọ̀tì yẹn sílẹ̀, sáfà gba fáìlì náà láìjanpata, mo sì lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n pè mí pé láti òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́tà kan kò wọlé. Nígbà tí mo fi dig, àṣẹ tó ń bi DNS léèrè, béèrè, mo rí orúkọ dòméènì náà tó tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan, àyà mi já. Bí mo bá ti lo named-checkzone kí n tó gbé fáìlì náà wọlé, ì bá ti kìlọ̀ fún mi pé orúkọ tí MX ń tọ́ka sí kò ní àdírẹ́sì. Láti ọjọ́ náà, n kò gbé fáìlì wọlé láìjẹ́ pé ètò yẹn ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àṣìṣe yìí kò mọ ẹni ńlá, kò mọ ẹni kékeré. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2009, àwọn tó ń tọ́jú .se, dòméènì orílẹ̀-èdè Sweden, gbé fáìlì kan jáde tí ètò tó ń ṣẹ̀dá rẹ̀ kò fi dọ́ọ̀tì síparí àwọn orúkọ. Ó lé ní 900,000 dòméènì tó wà lábẹ́ .se nígbà náà, wọ́n sì dàwátì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tètè tún un ṣe, ṣùgbọ́n èsì tí kò tọ́ ti wà nínú ìrántí àwọn sáfà káàkiri ayé, ó sì di dandan kí wọ́n dúró kí ó rẹ̀ dànù.

Nọ́ńbà ẹ̀dà náà ní ewu tirẹ̀, bí ẹ bá ń gbé sáfà yín fúnra yín. Sáfà kejì máa ń wo nọ́ńbà yìí láti mọ̀ bóyá nǹkan ti yí padà. Bí ẹ bá tún fáìlì ṣe tí ẹ kò fi kún un, ns1 yóò máa sọ òótọ́ tuntun, ns2 yóò sì máa sọ ti àtẹ̀yìnwá, ìkànnì yín yóò wá máa ṣí fún ẹnì kan láìṣí fún ẹni tó jókòó tì í. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi ọdún, oṣù, ọjọ́ àti nọ́ńbà méjì kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe lókè.

Ẹ̀yin, bí mo ṣe lóye lẹ́tà yín, ẹ kò gbé sáfà DNS tiyín. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń gbé e fún yín. Fáìlì náà yóò wà lọ́wọ́ yín, irinṣẹ́ kan yóò sì máa kà á, yóò fi wé ohun tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, yóò sì gba ojú ọ̀nà API, ìyẹn ọ̀nà tí ètò kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀, tún ibi tí wọn kò bá bára mu ṣe. Méjì ló gbajúmọ̀ jù, ọdún 2017 sì ni àwọn méjèèjì di èyí tí gbogbo ayé lè lò: octoDNS láti ọ̀dọ̀ GitHub, tí fáìlì YAML ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àti DNSControl láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Stack Overflow, tí tiẹ̀ fara jọ JavaScript. Ọdún tó ṣáájú, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 2016, ni ìkọlù Mirai ti da ilé-iṣẹ́ DNS tí ń jẹ́ Dyn rú, tí ìkànnì ńláńlá tó gbára lé e nìkan kò sì ṣí. Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú fáìlì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì pọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ wà lójú ewé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní láti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó bá tiẹ̀ rántí ohun tó wà níbẹ̀. Terraform, irinṣẹ́ tó ń fi fáìlì ṣètò oríṣiríṣi iṣẹ́ sáfà, náà lè ṣe iṣẹ́ yìí, àmọ́ bí ẹ kò bá ti ń lò ó fún nǹkan mìíràn tẹ́lẹ̀, ẹrù rẹ̀ wúwo ju dòméènì mẹ́ta lọ.

DNSControl ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ mú. Ètò kan ṣoṣo ni ẹ máa gbé sórí ẹ̀rọ, kò nílò kí ẹ máa to Python jọ, ohun tí dòméènì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì ní ní àpapọ̀, ẹ lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì pè é níbi mẹ́ta. Bó ṣe ń rí nìyí:

```
var REG = NewRegistrar("none");
var DNS = NewDnsProvider("cloudflare");

D("example.com", REG, DnsProvider(DNS), DefaultTTL(3600),
  A("@", "192.0.2.10"),
  CNAME("www", "example.com."),
  MX("@", 10, "leta.example.com."),
  A("leta", "192.0.2.25"),
  // SPF: ẹ má yọ ọ́, íméèlì sí àwọn òbí dúró lórí rẹ̀
  TXT("@", "v=spf1 mx -all")
);
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé SOA kò sí níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé DNS ló ń bójú tó ìyẹn pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀. Dọ́ọ̀tì ìparí ṣì wà, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ yìí kò ní jẹ́ kí ẹ gbàgbé rẹ̀: bí ẹ bá kọ leta.example.com láìfi dọ́ọ̀tì parí rẹ̀, yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò sì sọ ìdí tó fi kọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ tó ta .com.ng fún yín má ní API tí irinṣẹ́ wọ̀nyí mọ̀. Kí ìyẹn má dẹ́rù bà yín, nítorí ibi tí a ti ra dòméènì àti ibi tí DNS rẹ̀ ń gbé kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ lè fi ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí NiRA, àjọ tó ń ṣàkóso .ng, fọwọ́ sí, kí ẹ kàn yí orúkọ sáfà padà sí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ní API. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ti àtijọ́ kíákíá. Fún .com, ọjọ́ méjì gbáko, ìyẹn 172,800 ìṣẹ́jú-àáyá, ni àwọn sáfà .com fi ń sọ fáyé pé kí wọ́n tọ́jú orúkọ sáfà yín sí ìrántí. Ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ àti ti tuntun jọ máa fèsì kan náà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ kọ fáìlì àkọ́kọ́. Àṣẹ get-zones nínú DNSControl máa ń kó ohun tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, octodns-dump sì ni ti octoDNS. Lẹ́yìn náà, ẹ lo àṣẹ preview, tó ń sọ ohun tí yóò ṣe láìṣe é. Ohun tí ẹ ń wá ni kó sọ pé kò sí ohun kan tó fẹ́ yí padà. Bó bá ṣì ń dárúkọ ohun tó fẹ́ yọ tàbí ohun tó fẹ́ fi kún un, fáìlì yín kò tíì bá òótọ́ mu, ẹ padà lọ tún un ṣe. Bí ẹ kò bá tíì rí òfo níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan àṣẹ push.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀ títí ó fi ṣe wọ́n ní jàǹbá: àkọsílẹ̀ tí kò bá sí nínú fáìlì, irinṣẹ́ yóò pa á rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, fáìlì ni òótọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ kan sì wà tí ẹ̀rọ mìíràn ń kọ fúnra rẹ̀, irú bíi _acme-challenge tí ètò tó ń gba ìwé ẹ̀rí Let's Encrypt máa ń fi síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àṣẹ IGNORE wà nínú DNSControl fún irú wọn, NO_PURGE sì wà fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó lè máa fi kún un láìyọ ohunkóhun. octoDNS ní ààbò kan tó wù mí gan-an: kò ní ṣe ohunkóhun àfi bí ẹ bá fi --doit kún àṣẹ, bí dòméènì bá sì ti ní tó àkọsílẹ̀ mẹ́wàá, tí iṣẹ́ náà fẹ́ yí tàbí pa iye tó ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, yóò dúró, yóò kọ̀.

Ní ti ènìyàn mẹ́rin yẹn, ẹ gba ọ̀rọ̀ aṣínà ojú ewé lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, ó pọ̀ jù ẹni méjì, ni kó kù tó ní in fún ọjọ́ pàjáwìrì. Kì í ṣe pé a kò fọkàn tán wọn. Bí ènìyàn bá ṣì ń tún nǹkan ṣe lójú ewé nígbà tí fáìlì tún wà, òótọ́ méjì lẹ ní, ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sì tún lo push, iṣẹ́ ẹni tó gba ojú ewé yóò pòórá láìsọ fún un. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa kọ ìyípadà sínú Git, kí ẹlòmíràn kà á kó tó wọlé, kí ẹni tó kọ ọ́ sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan tó nítumọ̀. "Mo tún DNS ṣe" kò sọ nǹkan kan. "Mo gbé ìkànnì lọ sórí sáfà tuntun, ti àtijọ́ yóò kú lópin oṣù" ni ẹni tó bá kà á lọ́dún mẹ́ta sí i yóò dúpẹ́ lé lórí.

Kọ́kọ́rọ́ API kò gbọdọ̀ wọ inú Git. Ẹ fi í sí ayíká ẹ̀rọ, kí fáìlì creds.json máa tọ́ka sí i níbẹ̀, kí agbára rẹ̀ sì mọ sórí àtúnṣe DNS dòméènì mẹ́ta yẹn nìkan. Bó bá ti ṣèèṣì wọlé lẹ́ẹ̀kan, pípa ìlà náà rẹ́ kò tó, nítorí Git kì í gbàgbé. Ẹ fagi lé kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹ gba òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí íméèlì tó bí ìbéèrè yìí. Láti oṣù kejì 2024 ni Google ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Gmail pé kí dòméènì wọn ní ó kéré tán SPF tàbí DKIM (àmì ìfọwọ́sí tí a fi sórí lẹ́tà), kí ẹni tó sì ń fi ju 5,000 lọ ránṣẹ́ lóòjọ́ ní méjèèjì pẹ̀lú DMARC, tó ń sọ ohun tí a ó ṣe sí lẹ́tà tí kò bá yege. Nígbà tí ẹ bá ń kọ wọ́n padà, ẹ rántí pé SPF kan ṣoṣo ni dòméènì kan lè ní. Bí méjì bá wà, bí ẹni pé kò sí ni. Ojú ewé kì í sábà sọ èyí fún yín, ṣùgbọ́n nínú fáìlì, ìlà méjì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú v=spf1 máa ń hàn gbangba. SPF náà kò gbọdọ̀ mú kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò béèrè lọ́wọ́ DNS ju ìgbà mẹ́wàá lọ, nítorí náà ẹ má kàn máa to include, tó ń pe SPF ilé-iṣẹ́ mìíràn wọlé, lé include. Kọ́kọ́rọ́ DKIM máa ń gùn ju lẹ́tà 255 tí ọ̀rọ̀ kan nínú TXT lè gbà. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ kọ fáìlì sáfà, ẹ gé e sí méjì nínú àmì ìfàyọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ìkànnì láti sáfà kan sí òmíràn, ẹ kọ́kọ́ sọ TTL rẹ̀ di 300, kí ẹ dúró títí TTL àtijọ́ yóò fi tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí IP padà, kí ẹ sì dá TTL sípò nígbà tí ara bá ti rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá orúkọ tuntun sílẹ̀, ẹ má máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dá a sílẹ̀. Èsì "kò sí" náà máa ń wọnú ìrántí, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú SOA ló ń darí bí yóò ṣe pẹ́ tó, ẹ ó sì máa rò pé iṣẹ́ yín kò wọlé nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè yín ló ṣáájú. Fóònù tàbí aṣàwárí kọ́ ni kí ẹ fi mọ̀ bóyá ó ti wọlé. Sáfà tó ni ọ̀rọ̀ gan-an ni kí ẹ bi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn:

```
dig @ns1.example.com example.com MX +short
dig @ns2.example.com example.com MX +short
```

Dòméènì .org.ng ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, bó bá jẹ́ òun ni íméèlì kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ kó o jáde, ẹ kọ àlàyé sókè àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá sì mọ ìdí rẹ̀, ẹ kọ pé a ṣì ń wádìí rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ má yọ ọ́. Bí preview bá ti ń dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ ti gba ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ àwọn yòókù, ẹ kó .com tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi dòméènì tí ẹ fi ń kọ̀wé sáwọn òbí ṣe ìkẹyìn.